Ọjọ́ Tí Mo Há Sórí Òrùlé Lẹ́yìn Kawo

Ọjọ́ kan wà tí yóò bá mi dé sàréè. Mo ti gbàgbé ọjọ́ tí mo ra ẹ̀rọ ìránṣọ mi àkọ́kọ́, mo sì ti ń gbàgbé orúkọ àwọn tí a jọ jẹun níbi ìgbéyàwó mi, èyí tó ń bí ìyàwó mi nínú gan-an. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Sunday kan tí mo dojú bolẹ̀ gbalaja lórí amọ̀ tútù, lókè téńté, nínú oòrùn Kaduna, tí mo ń retí ẹni tí yóò kọ́kọ́ la igi mọ́ mi lórí, kò kúrò lọ́kàn mi rí. Bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, àtẹ́lẹsẹ̀ mi ń yún mi.

Ó kù díẹ̀ kí a gba òmìnira nígbà náà. Ìwó ni mo ti wá. Nígbà tí mo fẹ́ kúrò nílé, ìyá mi sunkún bí ẹni pé òkun ni mo fẹ́ là kọjá, nítorí lójú tirẹ̀ kò sí ìyàtọ̀ láàárín òkè Ọya àti ìlú òyìnbó: ọ̀nà jìn sí méjèèjì, èdè wọn ò yé ènìyàn, ẹni tó bá sì lọ lè má bọ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni mo lọ bá. Bàbá Alfa là ń pè é, torí pé ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéú ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tó háyà ní Kabala. Ó gbà mí tọwọ́tẹsẹ̀, ó wá ibi tí mo ti lè máa ránṣọ fún mi, ó sì fún mi ní òfin kan ṣoṣo.

"Ilé onílé la wà níbí," ó ní. "Ọjọ́ tí mo bá gbọ́ orúkọ rẹ lẹ́nu àwọn onílé lórí ohun tí kò dáa, rélùwéè ọjọ́ kejì ni wàá bá padà sọ́dọ̀ ìyá rẹ."

Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bàbá. Ẹ ò ní gbọ́ ọ."

Ọdún yẹn ò tíì parí tí wọ́n fi gbọ́ ọ.

Ìletò kékeré kan wà lẹ́yìn Kawo, lápá ọ̀nà tó lọ sí Afaka. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò ní nǹkan kan. Ilẹ̀ oko wọn ti ṣá, omi wọn jìnnà, aṣọ ọrùn wọn sì máa ń ṣe èmi tí mo jẹ́ télọ̀ láàánú. Síbẹ̀, nígbà tí lọ́rì kan takú sí ẹ̀bá ìletò náà, tí ìyàwó ọmọ ìlú wa kan tó wà nínú rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí, àwọn obìnrin ibẹ̀ ló gbé e wọlé. Wọ́n gbẹ̀bí rẹ̀, wọ́n sì ń fún un ní kúnú mu títí ọkọ rẹ̀ fi dé. Wọn ò gba kọ́bọ̀. Nítorí náà, nígbà tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa gbọ́ pé agbẹ̀bí ìjọba tó máa ń gun kẹ̀kẹ́ wá síbẹ̀ ń fi abẹ́ igi ṣe ọ́fíìsì, a ní ọwọ́ wa la ó fi san oore náà padà. Agbẹ̀bí náà ti sọ pé bí wọn ò bá ní yàrá kan tó lórùlé kí òjò tó dé, òun yóò kó oògùn òun lọ sí ìletò mìíràn.

Mai Anguwa, ìyẹn baálẹ̀ ìletò náà, fún wa ní ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé rẹ̀. Ohun tó ń kán an lójú kò fara sin. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ lóyún, oyún náà ti ga, ọmọ tí obìnrin náà sì kọ́kọ́ bí kò yè. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí bọ́ sí àsìkò òjò láìsí agbẹ̀bí nítòsí.

Ní ìpàdé ẹgbẹ́, wọ́n ní ògiri ti dúró, òrùlé ló kù. Òrùlé àwọn ará ibẹ̀ kì í ṣe páànù, kì í sì í ṣe koríko. Igi líle kan tí wọ́n ń pè ní azara ni wọ́n máa ń tò lé orí ògiri, wọ́n á tẹ́ ẹní lé e, wọ́n á wá da amọ̀ tó nípọn lé ẹní yẹn, wọ́n á sì tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Malam Audu tó jẹ́ ọ̀gá mọlémọlé wọn ń fẹ́ ẹnì kan tí kò sanra, tí yóò wà lókè láti máa gba amọ̀ tí a bá jù sí i. Alága wo yàrá yíká. Nígbà yẹn, mo tín-ín-rín débi pé àwọn oníbàárà mi máa ń ní èmi àti abẹ́rẹ́ mi, ọmọ ìyá kan náà ni wá. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi.

"Ìwọ, ṣé o lè gun òkè?" alága béèrè.

Ó yẹ kí n sọ òótọ́. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé òkè ti ń bà mí lẹ́rù láti kékeré. Ìgbà kan tí wọ́n mú mi lọ sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ìwó, mo gòkè, mi ò lè sọ̀ mọ́. Ìdí ni mo fi wọ́ sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tí àwọn ọmọ tí mo jù lọ ń fò mí kọjá. Ṣùgbọ́n Lásísì ló jókòó níwájú mi. Kaduna ni wọ́n bí Lásísì sí, Hausa rọ̀ ọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, ó sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko tó bá rélùwéè wọ̀lú ni mí. Mo rí i tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Èmi?" mo ní. "Ọ̀pẹ ni mo fi ń ṣeré ní Ìwó."

Bàbá Alfa gbójú sókè, ó wò mí. Ó mọ̀ pé kò sí ọ̀pẹ kankan tí mo gùn rí.

Kẹ̀kẹ́ la gùn dé ibẹ̀ lówùúrọ̀ ọjọ́ Sunday náà. Àwọn ará ìletò ń kí wa, "Sannu da zuwa! Sannu da aiki!" àwa náà ń dá wọn lóhùn. Bàbá Alfa ṣàdúrà ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì lọ jókòó ti Mai Anguwa lábẹ́ igi mọ́ńgòrò. Àgbàlagbà ni Mai Anguwa, ó ga, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀pá gígùn kan sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kíyè sí ọ̀pá yẹn dáadáa.

Kòtò amọ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n da koríko gígé mọ́ amọ̀, a wá ń fi ẹsẹ̀ pò ó. Ẹsẹ̀ télọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ mọṣíìnì, kò mọ bí wọ́n ṣe ń po amọ̀. Mi ò tíì pẹ́ níbẹ̀ tí amọ̀ fi gba ẹsẹ̀ mi méjèèjì, tí mo sì jókòó sínú rẹ̀. Wọ́n ní kí n jáde, kí n lọ máa ju amọ̀ sókè. Ìṣù tí mo kọ́kọ́ jù kò dé òkè, etí Lásísì ló bà. Èyí tí mo tún jù lọ jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ, ó fò kọjá ògiri Mai Anguwa, a sì gbọ́ tí adìẹ kan figbe ta lọ́hùn-ún.

"Haba, Malam Télọ̀!" Malam Audu ké láti òkè. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò dénú.

Ohun tí mo ń wò ní gbogbo ìgbà yẹn ni àkàbà. Ìtì igi kan ṣoṣo ni, tí wọ́n gbẹ́ ojú ẹsẹ̀ sí lára, wọ́n sì fẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri. Mo wá ṣàkíyèsí nǹkan kan. Olúkúlùkù ẹni tó bá fẹ́ gòkè, títí kan Malam Audu fúnra rẹ̀, yóò kọ́kọ́ dúró nídìí igi náà, yóò kígbe, "Gafara dai! Za mu hau!" yóò wá dúró díẹ̀ kí ó tó gbẹ́sẹ̀ lé e. Ìwọ̀nba Hausa tí mo gbọ́ tó fún mi láti mọ̀ pé wọ́n ń sọ fún ẹnì kan pé kí ó yàgò, àwọn fẹ́ gòkè. Ṣùgbọ́n kò sí ẹnì kankan lókè. Mo rò ó lọ, mo rò ó bọ̀, mo sì fi ọgbọ́n orí mi parí rẹ̀ sí pé ẹ̀rù ló ń ba àwọn náà. Ariwo yẹn ni wọ́n fi ń ki ara wọn láyà, wọ́n sì ń dúró kí orúnkún wọn lè sinmi gbígbọ̀n. Ìtùnú kan ṣoṣo tí mo rí lọ́jọ́ náà nìyẹn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bú mi. Níbi tí mo ti wá, ẹnu ọ̀nà la ti ń kágò. Ẹni tó bá fẹ́ wọ agboolé yóò dúró níta, yóò ní, "Àgò onílé o!" Mi ò rí ẹni tó ń kágò fún ojú ọ̀run rí.

Nígbà tí oòrùn kan àtàrí, Malam Audu sọ̀kalẹ̀, gbogbo àwọn tó wà lókè sì bá a sọ̀kalẹ̀. Ó tọ́ka sí mi, ó sọ̀rọ̀. Lásísì túmọ̀ rẹ̀ tayọ̀tayọ̀.

"Malam ní tí a bá ti kírun Àílà tán, ìwọ ló kàn. Amọ̀ ti dé ìdajì, kí o gòkè lọ tẹ́ ìyókù. Ọmọ ọ̀pẹ, ọjọ́ ti pé!"

"To," mo ní, ìyẹn ni pé ó dáa.

Wọ́n lọ síbi kànga láti ṣe àlùwàlá. Mo ní kí wọ́n máa lọ, mò ń bọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé bí mo bá gòkè lẹ́ẹ̀kan nígbà tí kò sí ẹni tó ń wò mí, ìgbà kejì kò ní le mọ́. Bí orúnkún mi bá fẹ́ gbọ̀n, kí ó gbọ̀n tán kí wọ́n tó dé. Mi ò lè ké Gafara, nítorí pé ìkọ̀kọ̀ ni mo fẹ́ ṣe é. Yàtọ̀ sí ìyẹn, mo ní mi ò dà bí wọn, èmi yóò gòkè láìpariwo.

Mo di igi náà mú bí ọmọ tuntun ṣe ń di ìyá rẹ̀ mú. Mo gbé ẹsẹ̀ kan, mo sinmi. Mo gbé èkejì, òógùn bò mí. Mo gbọ́ bí àyà mi ṣe ń lù, mo sì rò pé àwọn tó wà níbi kànga náà yóò gbọ́ ọ. Mi ò mọ bí mo ṣe dé òkè. Mo kàn rí i pé mo ti fi àyà wọ́ dé orí òrùlé, ojú mi ní dídì, amọ̀ tútù nímú. Nígbà tí ó pẹ́ díẹ̀ tí mi ò kú, mo ní ó yá, kí n dìde dúró, kí ẹ̀rù náà lè mọ̀ pé mo ti ṣẹ́gun òun. Mo dìde. Mo la ojú.

Inú agbàlá Mai Anguwa ni ojú mi bọ́ sí.

Àwọn obìnrin ilé náà wà níbẹ̀ lórí ẹní, wọn ò borí, wọ́n tú irun sílẹ̀, wọ́n ń dì í fún ara wọn. Wọ́n ti gbọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ sọ̀kalẹ̀ lọ kírun, ni wọ́n bá jáde wá gba atẹ́gùn. Aboyún náà wà láàárín wọn, ó na ẹsẹ̀. Ìyá arúgbó kan, ìyá Mai Anguwa fúnra rẹ̀, jókòó sórí àpótí, ó ń ṣa ẹ̀wà nínú igbá. Òun ló gbójú sókè. Èmi àti òun wo ara wa.

Ìgbà náà ni Gafara yé mi. Ó yé mi yékéyéké, láìsí olùkọ́. Ní ilé wọn, ọkùnrin tí kì í ṣe ará ilé kò gbọdọ̀ rí àwọn abilékọ, ògiri gíga yẹn ló sì ń bò wọ́n. Ẹni tó bá dúró sórí òrùlé ti fo ògiri wọlé. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kígbe, tí wọ́n sì ń dúró, kí àwọn obìnrin lè ráyè wọ yàrá. Kò sí ẹni tí ẹ̀rù ń bà nínú gbogbo wọn. Èmi nìkan ni.

"Wayyo Allah!" ìyá náà figbe ta. "Ga mutum a sama! Barawo!"

Igbe rẹ̀ ni pé ènìyàn wà lókè, olè ni. Àwọn yòókù gbà á lẹ́nu rẹ̀. Mo fẹ́ sá, mo yíjú sí àkàbà, ẹsẹ̀ mi yọ̀, mo ta igi náà ní ìpá, mo sì gbọ́ bó ṣe balẹ̀ gbì. Èmi náà ṣubú sórí òrùlé, mo dojú bo amọ̀, mo dijú pinpin. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í fò wá bá mi láti inú agbàlá: ṣíbí igi, sálúbàtà, ẹ̀wà, lẹ́yìn náà igbá tí ẹ̀wà wà nínú rẹ̀. Odó nìkan ni wọn ò jù. Mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀ àwọn ọkùnrin tó ń sáré bọ̀ láti ibi kànga, wọ́n ń kígbe, ẹnì kan sì ń béèrè àdá.

Ẹ̀rù bà mí lọ́jọ́ náà dé ibi tí mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ń dé. Mo bẹ̀rù àdá yẹn. Mo bẹ̀rù ọ̀pá Mai Anguwa. Mo bẹ̀rù rélùwéè tí yóò gbé mi padà sọ́dọ̀ ìyá mi. Ṣùgbọ́n ohun tó já mi láyà jù ni aboyún náà. Mo ń rò ó pé bí ìpayà yìí bá ṣe oyún náà ní jàǹbá, èmi tí mo wá kọ́lé ìgbẹ̀bí fún un ni mo pa ọmọ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka gbogbo súrà tí mo mọ̀. Nígbà tí wọ́n tán, mo bẹ̀rẹ̀ ìrun òkú, mo ń kí i sí ara mi lára. Láàárín rẹ̀, mo ń ké, "Ìyá mi o! Ìyá mi, ẹ gbà mí!"

Mo ní kí n fà sẹ́yìn díẹ̀ kí igbá mìíràn má bàa bà mí. Ibi tí mo fà sí ni amọ̀ kò tíì dé dáadáa. Ẹní ya, ẹsẹ̀ mi òsì sì wọlé láàárín igi azara méjì, ó lọ títí dé itan, ó há síbẹ̀. Ara mi wà lókè, ẹsẹ̀ mi ń mì dirodiro nínú yàrá agbẹ̀bí.

Àsìkò yẹn gan-an ni àwọn ọkùnrin já wọ yàrá náà, torí wọ́n rò pé ibẹ̀ ni olè náà yóò bọ́ sí. Inú yàrá ṣókùnkùn. Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó ti òrùlé yọ, amọ̀ bò ó, ó ń jáàpá, wọ́n sì ń gbọ́ ohùn kan lókè tó ń ka Lárúbáwá pọ̀ mọ́ ẹkún.

"Aljani!" ẹnì kan ké. "Aljani ne!"

Wọ́n ní àlùjọ̀nnú ni. Ẹni tó ní àdá lọ́wọ́ ló kọ́kọ́ sá jáde, wọ́n ní ó ju àdá náà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Gbogbo wọn túká. Ẹni tó bá ní èmi nìkan ni ẹ̀rù ń bà nígbà yẹn, kí ó bi wọ́n léèrè. Lásísì nìkan ló dúró, kì í ṣe nítorí pé ó láyà. Ó sún mọ́ ẹsẹ̀ náà, ó wo ẹnu ṣòkòtò dáadáa.

"Kai," ó ní. "Ìṣẹ́tí wíwọ́ yìí, mo mọ ẹni tó ń ṣẹ́ ẹ báyìí. Òun ló rán tèmi bà jẹ́ nígbà Iléyá. Malam Télọ̀, ṣé ìwọ nìyẹn?"

"Èmi ni," mo ní láti òkè. "Lásísì, ọ̀rẹ́ mi, ṣé aboyún yẹn wà láàyè?"

Malam Audu gbé àkàbà padà sí ara ògiri, ó ké Gafara, ó dúró, ó sì gòkè wá. Ó fa ẹsẹ̀ mi yọ. Ó ní kí n sọ̀kalẹ̀. Mo wo ilẹ̀, mo ní mi ò lè sọ̀. Ó bínú, ó bẹ̀ mí, ó tún bínú, ìgbà tó yá ó lóṣòó, ó sì pọ̀n mí sẹ́yìn sọ̀kalẹ̀ bí ọmọ tí a kò tíì já lẹ́nu ọmú, lójú gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa. Mi ò la ojú títí ẹsẹ̀ mi fi kan ilẹ̀.

Mai Anguwa dúró síwájú mi. Kò pariwo, èyí ló sì bà mí lẹ́rù jù. Ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́, Lásísì ń túmọ̀, ohùn Lásísì alára ti yí padà.

"Ó ní òun fún wa ní ilẹ̀ lára ilé òun, a sì rán ẹni tí yóò wo ìdílé òun níhòòhò orí. Ó ní iṣẹ́ tán. Kí ẹnikẹ́ni má gun òrùlé yẹn mọ́."

Lápá ìlà-oòrùn, ojú ọ̀run ti ń ṣú. Ìdajì òrùlé ló ṣì wà láìbò. Bí òjò bá bá a bẹ́ẹ̀, ògiri náà kò ní dúró, agbẹ̀bí yóò sì kó oògùn rẹ̀ lọ. Mo rí Bàbá Alfa tó ṣí fìlà, tó kúnlẹ̀ sórí iyanrìn níwájú Mai Anguwa, tó ń ní, "Ranka ya daɗe," kí ẹ̀mí wọn gùn, tó sì ń bẹ̀ wọ́n. Mi ò tíì rí i kó kúnlẹ̀ fún ènìyàn rí. Ó dùn mí ju bí wọn ì bá ti fi àdá yẹn ṣá mi lọ.

Lásísì fẹ́ gbà mí là. Ó sọ ní Hausa pé mo lọ wo bóyá amọ̀ ti gbẹ ni. Mai Anguwa mi orí. Ó ní ẹni tí iṣẹ́ bá gbé dé òkè yóò ké Gafara, gbogbo òwúrọ̀ ni mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi. Ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò ké e, wíwò ló wá wò.

Bàbá Alfa yíjú sí mi láti ibi tó kúnlẹ̀ sí. "Sọ fún wọn," ó ní. "Kí lo lọ ṣe lókè?"

Gbogbo ẹgbẹ́ ń wò mí, alága náà ń wò mí.

"Ina jin tsoro," mo ní. Hausa tí mo mọ̀ jù nìyẹn, pé ẹ̀rù ń bà mí. Mo wá bá a lọ ní Yorùbá, Bàbá Alfa ń túmọ̀. Mo ní òkè ń bà mí lẹ́rù láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi. Mo ní mi ò gun ọ̀pẹ rí, àga ni mo gùn tó ga jù. Mo ní mo lọ kọ́ bí a ṣe ń gòkè ní ìkọ̀kọ̀ kí wọ́n má bàa fi mí rẹ́rìn-ín, àti pé mo rò pé igbe ẹlẹ́rù ni Gafara, ìdí nìyẹn tí mi ò fi ké e. Nígbà tí Bàbá Alfa túmọ̀ èyí tó kẹ́yìn yìí, Malam Audu fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mai Anguwa ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ bóyá kí òun gbà á gbọ́.

Ohùn kan wá láti ẹ̀yìn ògiri. Ìyá arúgbó náà ni. Ó ń bá ọmọ rẹ̀ wí, kò sì dákẹ́ títí ó fi sọ tán. Bàbá Alfa túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, gbogbo rẹ̀ ló sì kù lórí mi dòní: "Fi ọmọ yẹn sílẹ̀! Wíwò wo? Bó ṣe fojú kàn mí ló ti dijú, tó ṣubú. Mo là á ní igbá, kò mọ̀ pé igbá ni. Ìyá rẹ̀ ló ń pè. Mi ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n mo bímọ, mo mọ ohùn ọmọ tó ń pe ìyá rẹ̀."

Bó ṣe sọ ọ́ tán, ẹ̀rín kan bú jáde lẹ́yìn ògiri. Obìnrin kan ló ń rín in, ó rín in títí ó fi ń wúkọ́, ó sinmi, ó tún bẹ̀rẹ̀. Mai Anguwa tẹ́tí. Ojú rẹ̀ yí padà. Àwọn ará ìletò ń wo ara wọn. Ìyàwó ọmọ rẹ̀ ni, aboyún náà. Wọ́n ní láti ìgbà tí ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kú, kò sí ẹni tó gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ nínú ilé yẹn mọ́.

Mai Anguwa gbé Bàbá Alfa dìde fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó fi ọ̀pá gígùn yẹn kàn mí láyà pẹ́pẹ́, ó ní, "To, Malam Tsoro," ìyẹn Ọ̀gbẹ́ni Ẹ̀rù. Ó dá ẹjọ́ mi pé èmi kò gbọdọ̀ gun nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ìdí àkàbà ni mo máa dúró sí títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ gòkè, èmi ni yóò bá a ké Gafara. Ó ní a ti gbọ́ ọ pé ohùn mi dáa.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe dúró níbẹ̀ ní gbogbo ọ̀sán yẹn, amọ̀ ti gbẹ mọ́ mi lára, tí mo ń ké, "Gafara dai! Za mu hau!" Bí mo bá ti ké e, mo máa ń gbọ́ ìró ilẹ̀kùn lẹ́yìn ògiri, ẹnì kan nínú ilé á sì tún fara wé mi, "Ìyá mi o! Ìyá mi o!" wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Ohùn mi há. A tẹ́ amọ̀ tán, Malam Audu lẹ ibi tí ẹsẹ̀ mi lu, a fi ẹní àti koríko bò ó, òjò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán bí a ṣe ń gun kẹ̀kẹ́ wa padà.

Bàbá Alfa ò bá mi sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. A délé, a wẹ̀, a kírun. Nígbà tí ara mi ò gbà á mọ́, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Bàbá," mo ní, "ṣé kí n di ẹrù mi?"

Ó wò mí. Mo rí i tí ikùn rẹ̀ ń mì lábẹ́ agbádá.

"Ọmọ ọ̀pẹ," ó ní, "lọ jẹun."

Inú yàrá náà ni obìnrin yẹn bí ọmọ rẹ̀ sí, ọkùnrin ni, ó sì ké dáadáa. Nígbà tí a lọ kí wọn, agbẹ̀bí sọ fún wa pé ibi tí Malam Audu lẹ̀ dúdú ju ìyókù òrùlé lọ, pé bí ìrọbí bá mú obìnrin náà, òun á ní kí ó máa wo ibẹ̀. Ó ní ẹ̀rín ló fi bí i. Mo ti rán ọ̀pọ̀ aṣọ láyé mi, àwọn ènìyàn ti wọ̀ wọ́n gbó. Ibi tí mo fi ẹsẹ̀ lu jáde yẹn ni iṣẹ́ ọwọ́ mi tó ṣe ènìyàn lóore jù.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Bí ẹ̀rù bá ń bà mí báyìí, mo máa ń sọ ọ́ síta, nítorí èyí tí mo fi pamọ́ ló fẹ́ pa mí. Èkejì, bí mo bá dé ìlú onílùú tí mo rí wọn tí wọ́n ń ṣe nǹkan tí kò yé mi, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè kí n tó pe ara mi ní ọlọgbọ́n. Mo ti kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tèmi náà, ìyàwó mi ló fẹ́ ẹ. Bí mo bá fẹ́ gun òkè ilé ara mi, mo ṣì máa ń dúró nísàlẹ̀, màá di igi àtẹ̀gùn mú, màá ní, "Gafara dai!" Àwọn ọmọ ọmọ mi á dá mi lóhùn láti òkè, "Ẹ máa bọ̀, Bàbá! Kò sí igbá lọ́wọ́ wa!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì máa gòkè díẹ̀díẹ̀, ojú mi ní dídì.